Òkúta kan ń gba wan-wé lójú ọ̀nà Júpítà: báwo ni wọn ò ṣe tíì forí gbárí?

Awakọ̀Mọ́wé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Awakọ̀ ni mí. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń wa tírélà. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí kí n tó gbéra láàárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò béèrè nǹkan kan rí. Èyí tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ló kà á sí mi létí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní òkúta kan wà lójú ọ̀run, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, ó ń yí oòrùn ká lójú ọ̀nà kan náà tí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ń gbà. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, ọ̀nà gbòòrò. Àfi ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé ibi tí Júpítà ń lọ kọ́ ni òkúta náà ń lọ. Ó dojú kọ ọ́ ni. Wan-wé gidi! Ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù ọdún kan. Mo ní kó tún un kà. Ohun kan náà ló kà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Lọ́dún 2009, mo kó àgbàdo láti Ìbàdàn, mo ń bọ̀ ní Èkó lóru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì mí, òun ni mọ́tòbọ́ì mi nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògèrè ni. Mo rí iná kan ṣoṣo lọ́ọ̀ọ́kán, mo ṣe bí ọ̀kadà ni, mo sì ṣe bí ẹ̀gbẹ́ kejì ló wà. Ọkọ̀ ńlá ni, iná rẹ̀ kan ti kú, ó ń gba wan-wé bọ̀ lójú ọ̀nà tèmi. Mi ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ láti ronú. Mo gbé e wọ igbó. Èmi yè, ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bá a lọ. Títí di òní, bí mo bá rí iná níbi tí kò yẹ kí iná wà, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.

Nítorí náà mo mọ ohun tí wan-wé ń ṣe. Ẹni tó ń gbà á á yè é lẹ́ẹ̀kan, á yè é lẹ́ẹ̀mejì, á wá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó ń gbà á títí tí kì í pa ara rẹ̀ tàbí pa ẹlòmíì. Báwo ni ti òkúta yìí ṣe wá yàtọ̀? Mílíọ̀nù ọdún! Ṣé orí rẹ̀ ló ń bá a ṣe é ni, àbí nǹkan kan wà tó ń dì í mú? Ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó máa yé awakọ̀. Ọmọ mi ń dúró. Mo ti sọ fún un pé mo mọ ibi tí màá ti béèrè.

TíṣàFísíìsì

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gan-an. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Òótọ́ ni ohun tí ọmọ yín kà. Awò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Pan-STARRS, lórí òkè Haleakalā ní erékùṣù Maui ní Hawaii, ló kọ́kọ́ rí òkúta náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015. Wọ́n pè é ní 2015 BZ509. Ó ṣókùnkùn púpọ̀, ojú lásán kò lè rí i láéláé. Paul Wiegert ti Yunifásítì Western Ontario ní Kánádà, pẹ̀lú Martin Connors àti Christian Veillet, wá fi awò mìíràn ní Arizona tọpa rẹ̀, èyí tó ní dígí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 8.4. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni wọ́n gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Nínú gbogbo òkúta tí wọ́n ti mọ̀ nígbà náà, àwọn tó ń lọ sódì báyìí ò tó ọgọ́rùn-ún. Nínú wọn, èyí nìkan ni wọ́n rí tó ń bá pílánẹ́ẹ̀tì kan pín ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ "ọ̀nà kan náà" yẹn ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló ń da èèyàn láàmú. Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì ń tẹ ilà kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n jọ ní ni iye àkókò: nǹkan bí ọdún 12 ni Júpítà fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan, iye yẹn náà ni òkúta yìí fi ń yí i po. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà wọn ṣe rí yàtọ̀ síra. Ti Júpítà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto bí ẹnu igbá. Ti òkúta rí bí ẹyin. Bí a bá fi àyè tó wà láàárín ayé wa àti oòrùn ṣe òṣùwọ̀n, Júpítà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n 5.2. Òkúta yìí máa ń sún mọ́ oòrùn dé nǹkan bíi 3.2, á sì jìnnà dé nǹkan bíi 7.1. Ọ̀nà rẹ̀ tún dagun díẹ̀, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti Júpítà.

Ẹ fojú inú wo rọ́ndàbáòtù ńlá kan. Ẹ̀yin ń fi tírélà yí i po jẹ́jẹ́. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ láti òdì kejì. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pàdé, ó ti wọ inú pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan òdòdó tí wọ́n gbìn sáàárín. Ẹ kọjá lára ara yín. Nígbà tí ẹ máa fi pàdé ní ìhà kejì, ó ti bọ́ síta, ẹ̀gbẹ́ kòtò ló wà. Ẹ tún kọjá. Bí ti àwọn wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n á pàdé: òkúta á gba inú kọjá, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà mìíràn á gba ìta kọjá. Ibi tí wọ́n ti sún mọ́ra jù lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 176 kìlómítà ṣì wà láàárín wọn. Ìyẹn ju àyè tó wà láàárín àwa àti oòrùn lọ.

Awakọ̀Mọ́wé

Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìṣẹ́. Ti inú àti ìta yẹn yé mi. Mo ya rọ́ndàbáòtù náà sórí páálí, mo sì fi han ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú mi. Ọlọ́kadà yín yẹn, ó gbọ́dọ̀ ré kọjá ojú ọ̀nà tèmi kó tó lè bọ́ láti inú síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ré e kọjá ní ìyípo kan. Ìyẹn ni pé gbogbo ààbò tó ní kò ju pé nígbà tó bá ń ré kọjá, èmi ò sí níbẹ̀. Àkókò nìkan ló ń gbà á là. Àkókò ọ̀hún náà ni mo mọ̀ tó máa ń já èèyàn kulẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ ní ìyípo yìí, tó tún pẹ́ díẹ̀ ní èyí tó ń bọ̀, bó pẹ́ bó yá, ojú kọ́nà náà la ó ti pàdé. Ní mílíọ̀nù ọdún, ìyípo bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ló ti lọ. Mo ṣírò rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tí kì í pẹ́. Ta ló ń bá a tún aago rẹ̀ ṣe?

TíṣàFísíìsì

Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn gan-an sí ìbéèrè yìí. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òòfà, ìyẹn agbára tí ohun tó wúwo fi ń fa nǹkan sọ́dọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tó béèrè bó bá pẹ́ ńkọ́.

Ẹni tó ń tún aago rẹ̀ ṣe ni Júpítà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà á díẹ̀díẹ̀. Júpítà wúwo ju ayé wa lọ ní ìlọ́po 318. Bó ti wù kí òkúta náà jìnnà sí i tó, bí wọ́n bá ń kọjá lára ara wọn, òòfà Júpítà á fà á. Nígbà tí òkúta gba inú, Júpítà wà ní ìta rẹ̀, á fà á síta díẹ̀. Nígbà tó gba ìta, Júpítà wà nínú, á fà á sínú díẹ̀. Bí òkúta bá dé lásìkò gẹ́lẹ́, fífà ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì á fagi lé ara wọn, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ká wá sọ pé ó pẹ́. Ibi tí wọ́n ti máa pàdé á sún kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Fífà méjèèjì ò ní dọ́gba mọ́, nǹkan kan á ṣẹ́ kù. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn á sọ ìyípo òkúta náà di kékeré díẹ̀. Ìyípo tó bá kéré máa ń yá ju èyí tó tóbi lọ, nítorí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè àkókò tó jẹ. Bó bá wá yá jù, fífà náà á yí síhà kejì, ìyípo rẹ̀ á tóbi sí i, á sì fà sẹ́yìn. Kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àkókò tó yẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lójú ọ̀nà tó gún bí ọ̀pá ìbọn, ọwọ́ awakọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí síárìn. Ẹ ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò tilẹ̀ mọ̀.

Kì í ṣe títí láé o. Ìṣirò Wiegert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan, ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ fún irú iye yẹn sí i.

ỌmọAláṣọÒfì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìṣéyìn ni mo ti ń kọ. Ilé aláṣọ òfì ni wọ́n bí mi sí, èmi náà sì ń hun.

Bí mo ṣe ń ka ti inú àti ìta yẹn, òwú ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sídìí òfì, òwú tó gùn wà níwájú yín. Ẹ tẹ ìtẹsẹ̀ kan, apá kan nínú òwú náà gòkè, apá kejì wálẹ̀, ọ̀kọ̀ gba àárín wọn kọjá. Ẹ tẹ ìkejì, èyí tó wà lókè wálẹ̀, ọ̀kọ̀ tún padà. Òwú tí ọ̀kọ̀ ń gbé á gba orí èyí, á gba abẹ́ ìyẹn. Kì í kọlu òwú kankan, kì í sì í ṣe pé ó ń sá fún un. Gbígbà tó gba orí, tó gba abẹ́ yẹn gan-an ló di aṣọ mú. Bí mo bá gba orí lẹ́ẹ̀mejì láìgba abẹ́, ibẹ̀ á tú, àwọn oníbàárà á sì rí i.

Ohun tí tíṣà sọ pé bó bá gba inú, á gba ìta, tí èkíní àti èkejì sì ń mú ara wọn dúró, aṣọ ni mo rí níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí ìjókòó. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọdún mẹ́fà fún ẹsẹ̀ kan? Aṣọ yẹn á pẹ́ kó tó parí."

ỌmọÌlọrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n béèrè tèmi. Bó bá jẹ́ pé Júpítà ló ń darí òkúta yìí, ṣé a lè sọ pé òṣùpá Júpítà ni?

ÌyáOníwèé

Ọmọ mi, rárá o. Àwọn baba wa ti sọ̀rọ̀ nípa irú àṣìṣe yìí tipẹ́. Wọ́n ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà ni ìràwọ̀ títàn tí ẹ máa ń rí nítòsí òṣùpá lálẹ́ tàbí ní ìdájí mìíràn, èyí tí òyìnbó ń pè ní Venus. Ajá òṣùpá kọ́ ni. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń rìn yí oòrùn ká, àwa tí a wà nísàlẹ̀ ló rí wọn pọ̀.

Òkúta yìí náà kì í ṣe ajá Júpítà. Òṣùpá Júpítà á máa yí Júpítà ká. Èyí ń yí oòrùn ká. Oòrùn ni olórí ilé àwọn méjèèjì. Pé Júpítà ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún kò sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi kún un, torí orúkọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òkúta náà kò ń jẹ́ 2015 BZ509 mọ́ nìkan. Wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà, 514107, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ: Kaʻepaokaʻāwela. Èdè Hawaii ni. Kaʻāwela jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe Júpítà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. ʻEpa ni oníwàkiwà, ẹlẹ́tàn tí kì í ṣe bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń fi èdè Hawaii kọ́ níwèé ló bá àwọn àgbà èdè jókòó ní ʻImiloa, ilé ìmọ̀ ojú ọ̀run kan ní ìlú Hilo, wọ́n sì gbé orúkọ náà kalẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí orúkọ ojú ọ̀run gbà á wọlé. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti rí òkúta náà, èdè wọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní pírámárì, nígbà tí mo ka èyí, mo sunkún. Ọmọ tó sọ ìràwọ̀ lórúkọ ní èdè ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé èdè náà kò lè sọ nípa sáyẹ́ǹsì.

ỌmọÌlọrin

Mo dúpẹ́ o, mọ̀mí. Ó ti yé mi. Mo wò ó pé àwọn mìíràn tún wà tó ń bá Júpítà pín ọ̀nà, tí wọn ò lọ sódì. Ṣé òótọ́ ni?

TíṣàFísíìsì

Òótọ́ ni, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra, àwọn tí a ti mọ̀ ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Max Wolf ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan ní Heidelberg ní Jámánì ní oṣù kejì ọdún 1906, wọ́n sọ ọ́ ní Achilles. Lagrange, onímọ̀ ìṣirò, ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1772 pé irú ibi bẹ́ẹ̀ wà. Agbo kan ń ṣíwájú Júpítà, agbo kan ń tẹ̀ lé e, àlàfo tó wà láàárín kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ìyípo náà lọ, ìyẹn ìrìn nǹkan bí ọdún méjì. Wọ́n ń bá a lọ bí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé aláṣẹ. Ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Lucy ti gbéra láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, ó máa dé ọ̀dọ̀ Eurybates, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2027. Lójú ọ̀nà, ó ti kọjá lára òkúta kékeré kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ní èdè Amhariki ti Ẹtiópíà: Dinkinesh.

Ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyẹn rọrùn láti lóye. Ẹni tí ẹ jọ ń lọ síbì kan náà, ẹ ò ní tètè forí gbárí.

ỌmọÌlá_Bùràsíìlì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ń kàwé ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bùràsíìlì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dá sí i. Ẹ̀yin ẹ ti sọ bó ṣe ń rìn. Ẹnì kan ò tíì béèrè ibi tó ti wá.

Gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì wa ló ń yí síhà kan náà. Ẹ da gààrì sínú kọ́ọ̀pù omi, kí ẹ fi ṣíbí rò ó. Gbogbo rẹ̀ á máa yí síbi tí ṣíbí ń lọ, kò sí wóró kan tó máa pinnu pé òun ń padà. Inú irú ìkùukùu tó ń yí bẹ́ẹ̀ ni oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ti jáde, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn. Báwo wá ni wóró kan ṣe ń yí sódì?

Obìnrin kan wà ní yunifásítì UNESP níbí, Helena Morais, ó ń bá Fathi Namouni ti ilé ìwojú ọ̀run Côte d'Azur ní ilẹ̀ Faransé ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin kí àwọn Wiegert tó gbé tiwọn jáde ni àwọn méjì yìí ti fi ìṣirò hàn pé irú ọ̀nà òdì bẹ́ẹ̀ lè wà láìfọ́. Ní ọdún 2018, wọ́n wá gbé òkúta yìí kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣe ẹ̀dà mílíọ̀nù kan rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíńtín, wọ́n sì dá aago padà sẹ́yìn dé ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Nínú àwọn ẹ̀dà tí kò ṣubú, wọ́n rí èyí tó ti wà lójú ọ̀nà òdì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kò lè jẹ́ ọmọ oòrùn wa. Ìràwọ̀ mìíràn ló bí i, oòrùn wa gbà á tọ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún wọn. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwókù ìràwọ̀ onírù tó wá láti etí ìkángun ìdílé oòrùn wa, níbi tí nǹkan ti ń wá láti gbogbo ìhà. Ìràwọ̀ onírù Halley náà ń lọ sódì. Bí ọ̀nà Halley ṣe dagun àti bí ti òkúta yìí ṣe dagun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni èmi fara mọ́, torí ọ̀nà tó ń yẹ̀ síhìn-ín yẹ̀ sọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà dé bílíọ̀nù ọdún.

ÌyáOníwèé

Halley! Oṣù kẹta ọdún 1986, mo jí àwọn ọmọ mi méjèèjì ní ìdájí, a dúró sẹ́yìn ilé. Kò tàn bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀, ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi ìka nu ẹ̀fun sára ògiri. Ọdún 2061 ló tún máa dé. Àwọn ọmọ ọmọ mi á rí i.

Awakọ̀Mọ́wé

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo lọ já ẹrù, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ n ròyìn fún yín. Tíṣà ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi pé Júpítà wà lójúkojú oòrùn, tí ayé wa wà láàárín wọn, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 yìí, pé bí mo bá jáde ní nǹkan bí aago méjìlá òru, kí n gbé ojú sókè gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí mi. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìràwọ̀ kéékèèké ní Mọ́wé, eruku kún ojú ọ̀run. Òun nìkan ló là á kọjá. Ó tàn, kò sì ṣẹ́jú. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń rí iná yẹn lókè ọ̀nà lóru, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀. Ó ti di ọkùnrin, fóònù ló ń tún ṣe nítòsí ilé wa. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún un. Mo gbé àtùpà sílẹ̀ láàárín àgbàlá, mo ní ìyẹn ni oòrùn. Mo fún ọmọ mi ní agbálùmọ̀ kan tó pọ́n, mo ní ìwọ ni Júpítà, máa yí àtùpà po lójú ilà tí mo fi eérú fà yìí, má sáré. Mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kóró agbálùmọ̀ kan ṣoṣo. Mo ní ìwọ ni òkúta. Òdì ni kí o lọ. Bí ẹ bá pàdé níwájú ilé ìdáná, gba inú. Bí ẹ bá pàdé níbi kànga, gba ìta.

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn ín. Ìgbà àkọ́kọ́, ó pẹ́, ọ̀pá náà ń wọ inú yẹ̀pẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pàdé lórí eérú gan-an. Ọkàn mi já. Ọmọ mi, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, na ọwọ́, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀ sínú, ó sì gba inú kọjá. Ní ibi kànga ó gba ìta. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọn ò wo ilẹ̀ mọ́.

Mo tún ṣírò nǹkan kan. Tíṣà ní Júpítà ń sáré kìlómítà 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Òkúta náà sì ń bọ̀ ní irú eré yẹn láti òdì kejì. Mo sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà, ó ń pa kóró náà mọ́ ọwọ́, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá ní, "Bàbá, iná wọn méjèèjì ló ń tàn."

Mo ní rárá, òkúta yẹn ò ní iná, tíṣà ní ó ṣókùnkùn débi pé ojú ò lè rí i.

Ó ní, "Júpítà kò nílò kó rí i."

A jókòó síbẹ̀ títí ọmọ mi fi sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní láti sùn báyìí, aago mẹ́rin ni mo máa gbéra. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ní kí n bi yín: bí òkúta náà bá máa já kúrò lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan, ibo ló máa gbà lọ?

TíṣàFísíìsì

Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára. Lára ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nìyí: kó bọ́ sínú oòrùn, kó bá Júpítà pàdé nítòsí kí Júpítà sì jù ú sóde kúrò nínú ìdílé oòrùn pátápátá, tàbí kó yà sí ọ̀nà mìíràn tí yóò máa rìn káàkiri láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ jẹ́ kó pè mí. A ó jọ ya á.